Iye tó yẹ ká gbà fún fọ́tò eré ìdárayá ilé-ìwé

Ẹ̀yin ará, ohun tó ń ba owó iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé wákàtí orí pápá nìkan la máa ń kà. Ẹ mú eré bọ́ọ̀lù tó gba wákàtí kan àbọ̀. Onífọ́tò gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kó wo ibi tí oòrùn dojú kọ, kó yan igun. Kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè kó 1,500 jọ kí rẹfirí tó fun fèrè ìkẹyìn. Nínú wọn, bóyá 60 sí 80 ló ṣeé gbé fún oníbàárà. Ṣíṣà wọn tó wákàtí kan, títún ìmọ́lẹ̀ ṣe àti gígé etí wọn tó wákàtí méjì. Ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún àlọ àti àbọ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà ni.

Irinṣẹ́ náà ń gbó. Ẹ pín iye tí ẹ ra kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì sí iye eré tí ẹ rò pé wọ́n máa yà kí ẹ tó pààrọ̀ wọn, kí ẹ fi èyí tó bá já sí kún owó eré kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń ya 1,500 lẹ́ẹ̀kan, eré 100 ti jẹ́ kí shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣí kó sì pa dé nígbà 150,000. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, kó béèrè iye tí wọ́n ń fi lẹ́ǹsì 70-200mm f/2.8 (èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, tí ojú rẹ̀ sì lè ṣí gbòòrò gba ìmọ́lẹ̀) yá ènìyàn lójúmọ́. Bí owó iṣẹ́ yín kò bá ju ìyẹn lọ dáadáa, lẹ́ǹsì ló gba owó ọ̀hún, ẹ̀yin kọ́.

*

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó máa sanwó ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Bí ilé-ìwé ló gbé iṣẹ́ wá, owó ojúmọ́ ni kí ẹ kà. Ẹ gba ìdajì sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: fọ́tò mélòó, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n lè fi ṣe. Bí onígbọ̀wọ́ kan bá fẹ́ fi fọ́tò ṣe ìpolówó, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, àṣẹ òbí ọmọ náà sì lọ́tọ̀. Ẹ má gbàgbé òjò: bí wọ́n bá fagi lé eré lẹ́yìn tí ẹ ti dé pápá, àsansílẹ̀ ò ní padà.

Bí òbí ló máa rà, ọrùn yín ni àdánù wà. Ohun tó ń pa ọjà yìí ni pé ọmọ tó ń jẹ góòlù nìkan ni lẹ́ǹsì ń tẹ̀ lé. Òbí aṣọ́lé àti òbí ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á wo gbogbo fọ́tò, wọn ò ní rí ọmọ wọn, wọn ò sì ní ra nǹkan kan. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀wù lọ́wọ́ kóòṣì, kí ẹ máa fàmì sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní fọ́tò mẹ́ta tí ojú rẹ̀ hàn kedere. Èyí tí kò bá wọ pápá, ẹ yà á níbi tó ti ń nara kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tà á ní ẹyọ ẹyọ nìkan. Ẹ ta márùn-ún ní ìlọ́po mẹ́ta owó ẹyọ kan, kí gbogbo fọ́tò ọmọ náà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Kí wọ́n rí i láàárín ọjọ́ méjì, pẹ̀lú àmì yín lórí rẹ̀. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, eré mìíràn ti gba ọkàn wọn.

*

Fọ́tò títẹ̀ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń yà á ní 2:3 (ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ gígùn), èyí tó bá ìwé íǹṣì 4×6 àti 8×12 mu. Bí òbí bá béèrè 8×10, íǹṣì méjì máa lọ: bọ́ọ̀lù wà létí kan, ẹsẹ̀ tó gbá a wà létí kejì, ọ̀kan nínú wọn á gé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yíká nígbà tí ẹ bá ń yà á, kí òbí sì rí bí gígé náà ṣe máa rí kó tó sanwó. Àtúntẹ̀ ló ń jẹ èrè.

Eré inú gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ wọ́n ju ti ìta lọ. Lójú oòrùn, kí shutter ṣí fún 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá péré ò le. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ lè gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀ kékeré tó) dé 6400 ní f/2.8 kí ẹ tó rí 1/640. Àwọn iná kan sì ń ṣẹ́jú nígbà 100 tàbí 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fọ́tò kan á mọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣú, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí. Bí kámẹ́rà yín ò bá ní ètò tó ń bá iná bẹ́ẹ̀ rìn, iṣẹ́ ìdí kọ̀ǹpútà á di ìlọ́po méjì. Ẹ lọ wo iná kí ẹ tó dárúkọ owó.

*

Ti ọ̀fẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ fi eré àkọ́kọ́ ta ilé-ìwé lọ́rẹ, ẹ kọ ìwé owó rẹ̀ ní pípé, kí ẹ wá kọ ẹ̀dínwó náà sísàlẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n gbà.

Àti pé, fọ́tò ẹgbẹ́ àti ti ọmọ kọ̀ọ̀kan kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ló ń mú owó wọlé jù. Ọmọ 20, ìṣẹ́jú méjì-méjì, ẹ fi ti gbogbo ẹgbẹ́ kún un, kò kọjá wákàtí kan. Òbí ti kọ iye tó fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó ti sanwó, kò sì sí 1,500 tí ẹ máa ṣà. Àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò eré hàn.