Kóró kajú: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò KOR yìí gan-an?

OníkajúÒgbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Mo ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ń kó o fún báyà kan l'Ékòó. Gbogbo ìgbà tọ́kọ̀ bá ti débẹ̀ ni wọ́n máa ń ní KOR ẹrù mi, ìyẹn ìwọ̀n ọmọ kajú tó dára tó wà nínú ẹ̀, ò ju 44 lọ, wọ́n á sì gé owó mi, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ṣé èmi náà lè wọ̀n ọ́n nílé kí ọkọ̀ tó gbéra? Ọjọ́ mélòó ló sì yẹ ká sá a, àwọn kan ní ọjọ́ kan ti tó.

BàbáSikéèlì: Ẹ lè ṣe é nílé dáadáa mà. Ẹ bù ú látinú oríṣiríṣi àpò, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, ẹ pò ó pọ̀ kẹ́ ẹ wọn kílò kan. Ẹ kọ́kọ́ kà á, tó bá lé ní 200 kóró, a jẹ́ pé àwọn kóró náà ò tóbi tó nìyẹn. Ẹ wá la gbogbo ẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, epo inú èèpo yẹn máa ń bó èèyàn lọ́wọ́. Ẹ yọ ọmọ inú ẹ̀ tó dára, ẹ má bó awọ pupa ara ẹ̀, ẹ gbé e sórí sikéèlì kékeré táwọn oníkéèkì ń lò. Èyí tó lámì dúdú díẹ̀ tàbí tó súnkì, ìdajì ìwọ̀n ẹ̀ lẹ máa kà, èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ má kà á rárá. Iye gíráàmù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi 0.17637 sọ ọ́ di púpọ̀. 272 gíráàmù á fún yín ní nǹkan bíi 48, ìyẹn pọ́n-ùn 48 ọmọ kajú látinú àpò 80 kílò.

Àgbẹ̀ÒkèÒgùn: Ọjọ́ kan ò tó láé! Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tàpólì tàbí sìmẹ́ńtì, ẹ máa yí i, ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ èèpo ẹ̀, tó bá ṣì ń sàmì, kò tíì gbẹ. Àpò ìdọ̀họ ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe àpò ọ̀rá tó máa mú un làágùn tá á sì bu, kẹ́ ẹ fi pákó sábẹ́ ẹ̀, kó má kan ògiri.

OníkajúÒgbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin bàbá wa. Kóró tí wọ́n já lórí igi kó tó gbó nígbà tówó ń wọ́n ńkọ́, ṣé sísá lè tún un ṣe?

Àgbẹ̀ÒkèÒgùn: Rárá mà. Tí ò bá gbó, ó máa súnkì ni, kò sóòrùn tó lè tún un ṣe, èyí ló sì ń ba ọjà wa jẹ́ jù. Kó já bọ́ fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n tó ṣà á. Ẹ la mẹ́wàá níwájú àgbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dára. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn síwájú sí i, CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ídì-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn, iṣẹ́ wọn ni kajú náà, kì í ṣe kòkó nìkan.

BàbáSikéèlì: Kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí báyà yẹn kọ́kọ̀ tó gbéra, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kí ẹnìkan dúró níbẹ̀ fún yín tí wọ́n bá ń la tiwọn.