Èsì: “Alátìlẹ́yìn iṣẹ́ àkànṣe”? Ta ni wọ́n ń tì lẹ́yìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò.

Ẹni tí kò bá tíì ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò gba ìpolówó iṣẹ́ kan, wọ́n ní kó túmọ̀ rẹ̀ kó tó kà á. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì àti afárá ló ń wá ènìyàn. Kì í ṣe bíríkìlà tàbí káfíńtà ni wọ́n ń wá o. Àwọn tó ń ṣe ìwé, ìwọ̀n, ìṣirò àti àyẹ̀wò ni, àwọn tí wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ “project support” nínú ìpolówó náà. Àbúrò dá ọ̀rọ̀ márùn-ún lábàá: alátìlẹ́yìn iṣẹ́ àkànṣe fún gbogbo wọn lápapọ̀, lẹ́yìn náà awọnlẹ̀ iye (“quantity surveyor”), akọ̀wé iṣẹ́ (“clerk of works”), òṣìṣẹ́ ààbò (“safety officer”), àti onímọ̀ ẹ̀rọ kékeré (“technician”). Ohun tí ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní, ó pè é ní “àwọn ìbéèrè”. Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston dáhùn pé ó ti dára bẹ́ẹ̀, ká jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ìdí iṣẹ́ ìkọ́lé ni mo ti ń jẹ, mo sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn yóò jẹ́ létí àwọn tó wà ní sáìtì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí alátìlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dé Òjé ní Ìbàdàn lónìí tí ẹ ní ẹ ń wá alátìlẹ́yìn, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo. Alátìlẹ́yìn lè jókòó sílé láti àárọ̀ dalẹ́ kó má gbé igi kan kúrò lórí èkejì, alátìlẹ́yìn náà ni. Ẹni tí ìwé símẹ́ńtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá wá lọ́jọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ ẹlẹ́rù yóò dúró sí títí ọ̀sán. Ẹnìkan ní ká lo amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti gómìnà nìyẹn, ẹni tó ń bá ọ̀gá di fóònù mú. Igbákejì ńkọ́? Igbákejì ń retí kí ọ̀gá kúrò níbẹ̀ ni. Olùrànlọ́wọ́ ló fẹ́ sún mọ́ ọn, àmọ́ ní sáìtì, léburà ló ń ran bíríkìlà lọ́wọ́, òun ló ń fi páànù ru kọnkéré. Ẹni tó fi ọdún márùn-ún gba OND àti HND, pẹ̀lú ọdún ìkọ́ṣẹ́ tó wà láàárín, kò ní fẹ́ kí ẹ pe òun bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Ní tèmi, a ò nílò ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo wọn rárá. Ọ́fíìsì òyìnbó ló kó iṣẹ́ mẹ́rin tí kò bára tan sínú àpò kan, tó wá lẹ orúkọ mọ́ àpò. Kí ló kàn wá kan àpò? Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀, ká wá bi ara wa nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: bí nǹkan bá bàjẹ́, èwo gan-an ni wọn yóò di mọ́ ọn lọ́rùn? Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà.

Ẹ wo “awọnlẹ̀ iye”. Ọ̀rọ̀ gidi ni awọnlẹ̀, gbogbo ẹni tó ti ra ilẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sọ yìí kì í wọn ilẹ̀. Àwòrán ilé tàbí ti afárá ni wọ́n ń gbé fún un kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, òun yóò sì ka ohun tí iṣẹ́ náà máa jẹ. Ẹ jẹ́ ká mú dẹ́kìn kan, ìyẹn àjà kọnkéré, tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 8, tó nípọn ní mílímítà 150. Kọnkéré tó máa lọ síbẹ̀ jẹ́ mítà kúbíìkì 12. Bí wọ́n bá pò ó ní 1:2:4 (símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), àpò símẹ́ńtì bíi 75 sí 80 ni, àpò oníkílò 50. Ó ti mọ èyí kí omi tó kan yanrìn. Bí àpò 110 bá jáde ní sítọ̀ọ̀ lọ́jọ́ yẹn, a jẹ́ pé ẹnìkan ń kọ́ ilé tirẹ̀ níbòmíràn. Òun náà ló tún ń wọn èyí tí wọ́n ti ṣe lóṣooṣù kí agbaṣẹ́ṣe tó gbowó.

Nítorí náà, aṣírò-iye-iṣẹ́ ni mo fara mọ́. Ẹ má ṣe gé e kù sí aṣírò lásán, nítorí ẹni tó ń ṣírò owó ni etí yóò gbọ́. Kò sì sẹ́ni tó ní kí sáìtì má pè é ní Kíú-Ẹ́ẹ̀sì (QS, ìkékúrú “quantity surveyor”) mọ́. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, kò sì ní í yí padà nítorí tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Ṣakí lè má mọ Kíú-Ẹ́ẹ̀sì. Ẹgbẹ́ wọn ti wà ní Nàìjíríà láti 1969, òfin 1986 ló sì dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ mọ ìṣirò bí ẹni máa kú, kò lè fi orúkọ oyè náà gbaṣẹ́. Ó yẹ kí ìkéde sọ ìyẹn.

“Akọ̀wé iṣẹ́” ló burú jù nínú márààrún. Létí ẹni tó bá gbọ́ ọ, ọkùnrin tó so táì, tó jókòó ti tábìlì, ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń lọ wólẹ̀ wo abẹ́ irin láàárọ̀ ni, tó ń wò ó bóyá wọ́n ti fi bískíìtì sí i. (Bískíìtì sáìtì kì í ṣe jíjẹ o. Ègé kọnkéré kékeré tó ń gbé irin sókè kúrò lára pákó ni, kí kọnkéré lè bo irin nísàlẹ̀, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́.) Ó ń ka irin, ó ń fi wé àwòrán: 12 mílí ni wọ́n ní, ẹ̀yin fi 10 sí i, ẹ tú u. Ó ń wo ẹni tó fẹ́ bomi sí kọnkéré tí wọ́n ti pò tán kó lè rọrùn ún tẹ́. Ó ń kọ ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni iṣẹ́ ló rán an wá, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe. Mo dábàá ojú-onílé. Ojú olójú kò kúkú jọ ojú ẹni. Ẹni tó ni ilé tí kò lè wá lójoojúmọ́, ojú tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ: pé ojú-onílé dún bí amí. Ó lè dún bẹ́ẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ jí irin. Ẹlòmíràn nínú yín kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ká lo ajẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹni tí ìlú ńlá ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti máa bá a wo ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọlé dáadáa, ó tiẹ̀ wọlé ju tèmi lọ, pàápàá fún ẹnjiníà tí onílé fi sí sáìtì títí iṣẹ́ fi parí. Àmọ́ ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹ lọ ka “a ń wá ajẹ́lẹ̀” lórí rédíò Adó-Èkìtì, kí ẹ wo èsì tí wọn yóò fi ránṣẹ́.

“Òṣìṣẹ́ ààbò” kò gba àlàyé púpọ̀. Ọlọ́pàá, sójà, Àmọ̀tẹ́kùn àti mẹ́gáàdì ẹnu géètì ni ìròyìn ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rí i pé wọ́n dé akoto, pé àkàbà dúró dáadáa, pé kò sẹ́ni tó wọ kòtò jíjìn tí wọn ò fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, adènà-jàǹbá ni kí ẹ pè é.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí onímọ̀ ẹ̀rọ kékeré, ibi tó máa dá ìjà sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò bá gbogbo wọn mu. Ẹ̀rọ wo ni ẹni tó ń ṣe afárá mọ̀? Ìmọ̀ ẹ̀rọ kan náà yìí la tún ń fi pe tẹkinọ́lọ́jì, tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ ọ, mi ò mọ èwo lẹ ń sọ. Ẹ fi ẹnjiníà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ni báyìí. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ìgboro ń pe gbogbo ènìyàn ní ẹnjiníà: ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹni tó ń so wáyà. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Àjọ COREN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tí òfin 1970 gbé kalẹ̀, ní ìpele mẹ́rin tó ń forúkọ sí. Ẹnjiníà ló wà lókè, àwọn tó gba oyè yunifásítì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ní HND, lẹ́yìn ìyẹn àwọn tó ní OND, ẹ̀yìn wọn ni àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti yege nínú ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ti ìkẹyìn yìí ti ní orúkọ láti ọjọ́ pípẹ́: oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn méjì tó wà láàárín ni kò ní.

Kí ẹ wá pe ẹni tó ní HND ní “kékeré” lórí afẹ́fẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ HND àti dìgírì ti ń mú àwọn ènìyàn bínú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yìí? Ẹni tí ẹ ń pè ní kékeré yẹn ló ń da kọnkéré sínú àpótí irin onímílímítà 150, tó ń kì í ní ìpele ìpele, tó ń tú u lọ́jọ́ kejì, tó ń rì í sómi, tó sì ń gbé e lọ fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n lè mọ ẹrù tó lè gbé. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí lọ́jọ́ 1, oṣù kọkànlá, 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní ogójì, irú àyẹ̀wò yìí wà lára ohun tí ẹnu ń sọ káàkiri. Kò sí ohun kékeré níbẹ̀. Títí a ó fi rí ọ̀rọ̀ tó dára, ẹ sọ ìwé ẹ̀rí tó ní àti iṣẹ́ tó máa ṣe, kedere. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lápò kó gbé e wá.

Ó ku “àwọn ìbéèrè”. Ìbéèrè ni ohun tí èèyàn ń dáhùn. Àmúyẹ lọ̀rọ̀ tó yẹ, ohun tó ń múni yẹ fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má da ìwé ẹ̀rí, ìrírí àti ìforúkọsílẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ilé-ìwé ló ń fúnni ní èkíní, sáìtì ló ń fúnni ní èkejì, àjọ ló ń ṣe ẹ̀kẹta. Ibi tí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ pé nǹkan kan yóò jẹ́ “àfikún àǹfààní”, kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ pé ẹni tó bá ní i la ó kọ́kọ́ wò.

Àbúrò, mo mọ̀ pé àkókò ń lọ. Bí mo ṣe máa kà á nìyí (mo yọ ojú-onílé kúrò, nítorí agbaṣẹ́ṣe kọ́ ló ń rán an wá):

“Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń ṣe títì àti afárá ń wá òṣìṣẹ́ mẹ́ta sí sáìtì. Èkíní, aṣírò-iye-iṣẹ́: kó ní HND tàbí dìgírì nínú iṣẹ́ náà, kó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀, kó mọ àwòrán kà, kí ìgbìmọ̀ wọn sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, ẹni tí yóò máa yẹ kọnkéré àti ilẹ̀ wò: kó ní OND tàbí HND nínú iṣẹ́ títì àti ilé kíkọ́. Ẹ̀kẹta, adènà-jàǹbá: kó ní ìwé ẹ̀rí lórí ìdènà jàǹbá, kó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí àwọn léburà ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀.”