Ẹ gbà mí o, mindfulness yìí ò ṣiṣẹ́ fún mi

Àkẹ́kọ̀ọ́ Òkè Òkun: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. PhD mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ọdún kẹta, orí kejì ìwé ìwádìí mi ò sì tíì kúrò lójú kan. Wọ́n ní ká wá kọ́ mindfulness fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: jókòó, dijú, máa kíyè sí èémí tó ń wọlé tó ń jáde. Bí mo bá ti dijú báyìí, gbogbo iṣẹ́ tí mi ò tíì ṣe ló ń tò síwájú mi, àfi tí oorun bá gbé mi lọ. Súpáfáísọ̀ mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi, ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló máa ń fi dá ìméèlì mi lóhùn. Ẹ wo àga olówó ńlá tí olùkọ́ mindfulness náà ń jókòó lé, ta ni ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ níbẹ̀!

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà fún ìwádìí ló bàjẹ́ nínú firíjì torí iná mànàmáná tí kò sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Àdúrà ni o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ni nǹkan yẹn. Ẹ ṣọ́ra.

Bọ̀dá Boston: Ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Jon Kabat-Zinn ló bẹ̀rẹ̀ ti ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ní 1979, nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Massachusetts níbí, fún àwọn tí ìrora ò fi ara wọn sílẹ̀. Kò fi ẹ̀sìn sí i. Àbúrò, ọkàn gbogbo èèyàn ló ń rìn kiri. Tí o bá ti rí i pé ó lọ, rọra dá a padà sórí èémí, má bú ara rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kí o tó ṣíwèé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èémí tí mo ti ń mí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, òun ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi?

Àkẹ́kọ̀ọ́ Òkè Òkun: Mo ti ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mò ń gbàdúrà náà. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ súpáfáísọ̀ mi.

Alágbàṣe: Gbé fóònù sí yàrá kejì. Ìṣẹ́jú 25 ni kí o fi kọ̀wé, kí o fi 5 sinmi.

Ìyá Ìbejì: Àti àdúrà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: O ní oorun ń gbé ọ lọ. Aago mélòó lo ń jókòó ṣe é?

Àkẹ́kọ̀ọ́ Òkè Òkun: Mẹ́jọ àárọ̀, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ kẹ́à, iṣẹ́ ìtọ́jú èèyàn. Iṣẹ́ alẹ́ ni, ogún wákàtí lọ́sẹ̀ tí físà gbà láàyè. Aago mẹ́wàá ni mo ń ṣíwèé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló kàn án? Ṣé kí n má sanwó ilé ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó kàn án gan-an! Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú tó wá dijú láago mẹ́jọ, kí ló tún fẹ́ kó gbé e bí ò ṣe oorun? Ta aṣọ dúdú sí fèrèsé, kí o sùn dáadáa. Ọjọ́ tí o ò bá lọ síṣẹ́ ni kí o ṣe ti èémí. Súpáfáísọ̀ rẹ mọ̀ pé o ń ṣiṣẹ́ alẹ́?

Àkẹ́kọ̀ọ́ Òkè Òkun: Kò mọ̀. Mi ò sì ní sọ fún un.

Bọ̀dá Boston: Háà! Kó máa rò pé ọ̀lẹ ni ọ́?

Alágbàṣe: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn ní kẹ́à yẹn? Àbúrò ìyàwó mi ń wá iṣẹ́ alẹ́.