Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè ṣe kí ẹsẹ̀ ọmọ yìí yá sí i nínú badminton?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mo wà, ọmọ àbúrò mi ni mo ń kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dáa gan-an, ẹsẹ̀ ni kò yá. Bí wọ́n bá gbá shuttle (bọ́ọ̀lù oníìyẹ́ tí a ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá) sí i lẹ́yìn lápá òsì, á ti balẹ̀ kó tó yíjú. Mo kíyè sí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí alátakò bá fẹ́ gbá a. Kì í fò sókè díẹ̀ kó tó gbéra. A ń fo okùn, a sì ń sáré lọ sí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pápá (iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì) láìsí shuttle.

Ṣé kí n máa nawọ́ sí igun tó máa lọ láìjẹ́ kó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, àbí kí n máa ju shuttle sí i léraléra? Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó kó tó sinmi? Orí sìmẹ́ńtì la wà, ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ sì ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé rí, kó dá mi lóhùn.