Ṣé lóòótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ò ní máàsì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin ará ilé, inú ń bí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ìwé kan pé fótọ́ọ̀nù, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, ní máàsì (ìwọ̀n ohun tó wà nínú nǹkan). Mo gbé e lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ó dá mi jókòó fún wákàtí mẹ́ta, akọ̀wé rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì níwájú mi. Nígbà tó dé, ojú ìwé kìíní nìkan ló kà, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi." Ọmọ ọdún 46 ni mí o! Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá ní máàsì, kí ni oòrùn ń fà tó fi ń tẹ̀? Ṣé kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fi ìwé ẹ̀rí ọmọ mi fìyà jẹ mí fún oṣù mẹ́rin.

Tíṣà Físíìsì: Ẹ má kọ lẹ́tà kankan. Einstein ní oòrùn ló tẹ àyíká ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kàn ń tọ ọ̀nà tó bá níbẹ̀ ni.

Àgbà Òye: E=mc², òfin Einstein tó so agbára pọ̀ mọ́ máàsì, ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ti ọkọ̀ IKAROS àwọn ará Jàpáànù lójú òfuurufú ní 2010. Kí ló fi tì í?

Tíṣà Físíìsì: Ti ohun tó dúró sójú kan ni E=mc², ẹ̀gbọ́n. Fótọ́ọ̀nù kì í dúró. Bí ìgbì rẹ̀ bá ṣe kúrú tó ló ṣe ń tì tó. Bó bá ní máàsì ni, ìmọ́lẹ̀ búlúù ìbá máa yá ju pupa lọ lófuurufú. Ta ló rí i bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ò tíì sọ ìdí tí n kò fi ní kọ lẹ́tà. Ìṣirò mi péye! Mo lo òfin Newton lórí bí nǹkan ṣe ń fa ara wọn: ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá fi arcsecond 0.87 tẹ̀ (arcsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 dígírì kan).

Tíṣà Físíìsì: Há! 0.87 kẹ̀? Soldner ará Jámánì ti rí iye tó sún mọ́ ọn láti bí igba ọdún sẹ́yìn. Ní May 29, 1919, tí òṣùpá bo oòrùn lójú, Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ wo bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn ní erékùṣù Príncipe ní Áfíríkà, àwọn kan lọ sí Sobral ní Brazil. 1.75 ti Einstein ni ohun tí wọ́n rí sún mọ́, ìlọ́po méjì tiyín. Ẹ tún un ṣe: máàsì tí ẹ fi sí i á pa rẹ́ kí ìṣirò tó parí.

Ìyá Ìbejì: Ojú ìwé wo ni 0.87 yẹn wà, sà?

Ẹni tó béèrè: Ìkìíní. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ ẹ̀dà 300. Owó àjọ ìyàwó mi ni.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ó mọ̀?