Re: Ọ̀dàlẹ̀ kọ́ ni gbogbo wọn o (ìtumọ̀ fíìmù Hong Kong)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ láti àná, ẹnu ń yún mi. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ló fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sísàlẹ̀ àwọn fíìmù jàǹdùkú Hong Kong, ó ní "ìṣòótọ́" lòun máa pe ohun tó so àwọn ọ̀rẹ́ inú ẹ̀ pọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì já wọn kulẹ̀, "ọ̀dàlẹ̀" ni. Ẹ̀gbọ́n kan fèsì pé rárá, "ìdúróṣinṣin" ló dáa jù. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni lọ nínú àwọn méjèèjì, ọ̀dàlẹ̀ yẹn gan-an, ibi kan wà tí kò ti yẹ kó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú A Better Tomorrow, èyí tí John Woo ṣe lọ́dún 1986, torí òun ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ayédèrú dọ́là làwọn èèyàn wọ̀nyí ń tà, Mark, tí Chow Yun-fat ṣe, tiẹ̀ ń fi owó ọ̀hún tí iná ń jó tan sìgá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ho ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń purọ́ fún àbúrò ẹ̀ tó fẹ́ di ọlọ́pàá, irọ́ lójoojúmọ́. Òótọ́ wo ló wà níbẹ̀? Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ta Ho ní Taiwan tí ọlọ́pàá gbé e, Mark nìkan ló lọ bá àwọn tó tà á níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ó di obìnrin kan mú, ó ń bá a ṣeré lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń ti ìbọn bọ inú ìkòkò òdòdó níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ, kó lè rí wọn mú nígbà tó bá ń sá padà bọ̀. Ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀, ó darọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ tí Ho jáde lẹ́wọ̀n, ibi tó ti bá Mark, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni, tó ń nu mọ́tò, tó ń jẹ ìrẹsì inú ike, Shing tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn wọn tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀gá, ó ń da owó sílẹ̀ fún un kó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ẹ sọ fún mi, ta ló máa rí ìyẹn tó máa pè é ní ìṣòótọ́? Olóòótọ́ lẹni tí kì í kówó jẹ, tí kì í purọ́. Ìdúróṣinṣin ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ìdúróṣinṣin, èèyàn lè dá a ṣe. Ẹnìkan ṣoṣo lè dúró ṣinṣin nínú ẹ̀sìn ẹ̀ títí ó fi máa kú. Ẹnìkan ò lè dá nìkan mulẹ̀ láyé. Ìmùlẹ̀ ni mò ń sọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní yi lọ́hùn-ún nìyẹn, ohun tó wà láàárín èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ti bára wọn búra, yálà wọ́n sọ ọ́ jáde lẹ́nu tàbí wọn ò sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní ìmùlẹ̀ ń rùn awo jù, pé ká lo májẹ̀mú. Awo! Ṣebí awo náà ni. Ẹgbẹ́ tí àwọn jàǹdùkú Hong Kong ti ṣẹ̀ wá, tó bẹ̀rẹ̀ ní Fujian ní Ṣáínà ní nǹkan bí ọdún 1760 sí 1769, orúkọ ẹ̀ lédè wọn ni Ẹgbẹ́ Ọ̀run òun Ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ti wà nínú orúkọ! Ẹni tó bá fẹ́ wọlé máa búra mẹ́rìndínlógójì, wọ́n á bẹ́ orí àkùkọ, wọ́n á sun ìwé tí wọ́n kọ ìbúra sí, gbogbo ẹ̀ níwájú ère. Ẹni tí wọ́n sì fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni Guan Yu, jagunjagun ìgbà ìjọba mẹ́ta, tí ìtàn sọ pé òun àti Liu Bei àti Zhang Fei bára wọn mulẹ̀ nínú ọgbà, pé a ò bí àwọn lọ́jọ́ kan náà ṣùgbọ́n kí àwọn kú lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ère Guan Yu yìí wà ní tèṣàn ọlọ́pàá Hong Kong, ó sì wà nílé àwọn jàǹdùkú, ẹgbẹ́ méjèèjì ń tan tùràrí fún un. Májẹ̀mú ò lè gbé ìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ ìmùlẹ̀ ni, a jẹ́ pé ẹni tó mulẹ̀ nìkan ló lè dalẹ̀. Shing, ọ̀dàlẹ̀ ni, kò sí jíjà. Paul inú Bullet in the Head, ọdún 1990, ọ̀dàlẹ̀ pọ́ńbélé: ọ̀rẹ́ mẹ́ta sá kúrò ní Hong Kong lọ́dún 1967, wọ́n bọ́ sínú ogun Vietnam, wọ́n rí àpótí wúrà, ojú Paul ṣí sí wúrà náà débi tó fi yìnbọn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí kó má baà pariwo. Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, fíìmù náà sì jẹ́ kó bálẹ̀ lọ lóòótọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú ni Infernal Affairs, 2002. Ẹ rántí: Chan jẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n rán wọ inú ẹgbẹ́, Lau jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí Sam ọ̀gá wọn rán lọ di ọlọ́pàá. Àbúrò wa kọ ọ̀dàlẹ̀ sí àwọn méjèèjì. Ta ni Chan dà? Àwọn ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ bá mulẹ̀, èyí tó bá Sam ṣe, ó ń fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun ni. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta ló máa ṣe, wọ́n fi mẹ́ta lé e, wọ́n tún fi mẹ́ta lé e, ó ń jágbe mọ́ Wong, ọ̀gá ẹ̀ ní ọlọ́pàá, lórí òrùlé pé ọdún mẹ́wàá ń bọ̀ wá pé! Àwọn tó ní ká kàn lò "amí", ẹ wo ìyẹn. Amí ń lọ wo ìlú, ó ń padà wá jíṣẹ́. Eléyìí ń gbébẹ̀.

Bọ̀dá kan ní ká pè é bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é, "ọmọ 25", torí nọ́ńbà lẹgbẹ́ fi ń pe ara wọn, olórí ni 489, ọmọ ẹ̀yìn lásán ni 49, ẹni tó ń ta wọ́n ni 25. Ó dùn mọ́ mi, ó rán mi létí owó ẹyọ mẹ́fà inú àrokò. Ṣùgbọ́n ẹ̀fà ń sọ̀rọ̀ létí wa torí pé "fà" wà nínú ẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ò sọ nǹkan kan, ṣe ni wọ́n á rò pé ọjọ́ orí ẹ̀ la ń pè. Ẹlòmíì mú agbódegbà wá. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ agbódegbà, òde ló dúró sí tó ń gba ẹrù, àwọn wọ̀nyí, inú ilé ni wọ́n wà. Aṣenibánidárò náà dáa fún Lau, pàápàá níbi tí wọ́n ti ju ọ̀gá Wong láti òkè ilé lulẹ̀ tó tún ń bá àwọn ọlọ́pàá yòókù ṣọ̀fọ̀ ẹni tóun fúnra ẹ̀ ṣokùnfà ikú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá Chan mu.

Torí náà mo mú "agbéléránṣẹ́" wá: ó ń gbélé, ó ń ránṣẹ́ síta. Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn, Chan ń fi ọmọ ìka kan nǹkan kọ́kọ́ láti fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá nígbà tí Sam ń dúnàádúrà oògùn, Lau náà ń fi fóònù ránṣẹ́ sí Sam. Orúkọ iṣẹ́ ni, kì í bú, kì í yìn, ọ̀dàlẹ̀ á wá dúró fún ẹni tó bá tọ́ sí.

Mo mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbá mi mú: City on Fire, 1987. Agbéléránṣẹ́ ni Chow Yun-fat níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òun àti Fu tó jẹ́ olè di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ní tòótọ́, a jẹ́ pé ìmùlẹ̀ méjì ló wà lọ́rùn ẹ̀, èyí tó bá dì mú, ó ti da ìkejì. Nígbà tó ń kú lọ tó sọ ẹni tóun jẹ́ fún Fu, àbúrò, má wulẹ̀ wá orúkọ kankan síbẹ̀, "ọlọ́pàá ni mí" ti tó. Níbi tó kù, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju agbéléránṣẹ́ lọ kó sọ ọ́ o, torí àyè ò pọ̀ nísàlẹ̀ fíìmù.