Ẹ bá mi wá àsọyé gidi lórí ètò ẹ̀kọ́ àti ìtàn, èyí tí mo lè kó ọmọ kíláàsì lọ

Tíṣà_Mọ̀níyà
Ẹ kú ilé o. Government ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níbí ní Ìbàdàn. Láti oṣù kọkànlá 2025 tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti kéde pé àwọn ti wọ́gi lé ìlànà èdè abínibí ti 2022, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi, àwọn ọmọ yìí ò jẹ́ kí n gbádùn. Ta ló fọwọ́ sí i? Kí ló dé tí wọ́n fi yí i? Ìwé tí à ń lò ò débẹ̀.

Mò ń wá ibi tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn, yálà èyí tá a lè lọ tàbí èyí tá a lè wò. Ẹ dákun, ẹ má darí mi sí àsọyé ọjọ́ìbí olóṣèlú. Mo ti jókòó síbi ọ̀kan rí: wọ́n kí ọba, wọ́n kí ìjòyè, wọ́n kí ìyàwó olóyè, wọ́n tún pe ẹni tó máa ka ìtàn ìgbésí ayé olùsọ̀rọ̀. Ìgbà tó wá kan olùsọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n ní kó gé e kúrú torí oúnjẹ ti délẹ̀.

Ọmọ_Agbowó
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn lẹ tún ń wá àsọyé kiri! Trenchard Hall ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti máa ń ṣe inaugural lecture wọn, ìyẹn àsọyé tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ṣí ipò ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ èyí tó bá ti ẹ̀ka ìtàn, Education tàbí Political Science wá. Wàhálà ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: wọn kì í gba ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n á wọ gáùn, á sọ tẹnu ẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ níwèé, ẹ lè mú ìwé yẹn padà sí kíláàsì kí àwọn ọmọ máa fi jiyàn. Nínú ọgbà UI kan náà ni IFRA wà, àjọ ìwádìí àwọn Faransé. Àwọn tó máa ń wá síbi ìjíròrò tiwọn kì í pọ̀, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀: ẹni tó bá ní ìbéèrè á rí i bi.

Ṣadé_Èkó
Inaugural fún ọmọ SS2 kẹ̀? Wọ́n á sùn ni o. Tẹ́ ẹ bá lè dé Èkó, ẹ kó wọn wá sí LABAF, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó, nínú oṣù kọkànlá, ní Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí òyìnbó kọ́ sí Broad Street ni wọ́n sọ di ọgbà ìgbafẹ́ yẹn ní 2010, ìtàn ti wà ní ara ògiri ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. The Platform, àpérò ti Pásítọ̀ Poju Oyemade, náà wà, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún àti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ẹ lè wò ó látilé. Olùsọ̀rọ̀ á dá dúró sọ tiẹ̀ ni ṣá, ẹ má retí iyàn púpọ̀.

Bàbá_Akọ́mọlédè
Ẹ̀yin ọmọ mi, gbọ̀ngàn lẹ ń dárúkọ, ẹ ò dárúkọ ọ̀rọ̀. Ibi yòówù kí Tíṣà kó wọn lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó dáńtọ́ nínú ẹ̀ ló ń kọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Fáfúnwá yìí kan náà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 sì ti sọ pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ. 2022 kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o!

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ èdè lórí ìtàgé tí kò dárúkọ Ifẹ̀, yálà ó fara mọ́ ọn tàbí ó takò ó, kí àwọn ọmọ bi í.

Ṣadé_Èkó
Ẹ ṣé sà. Àmọ́ mínísítà ní ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń féèlì WAEC àti JAMB jù.

Bàbá_Akọ́mọlédè
Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin ní 2025. WAEC wo ló ṣe?

Adùkẹ́_Peckham
😂 Bàbá o!
Tíṣà, ẹ wo Toyin Falola Interviews, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Fálọlá onímọ̀ ìtàn, lórí YouTube. Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀, èèyàn púpọ̀ ló sì ń bi àlejò. Ọbásanjọ́ gan-an ti jókòó síbẹ̀. Ó máa ń gùn, dátà á jẹ yín, ẹ gé ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé kíláàsì. Èyí tí màá fi kọ́ wọn ní Government ni ti Tinúbú ní Chatham House, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ àgbáyé ní London níbí, oṣù kejìlá 2022, nígbà tó ń díje dupò ààrẹ. Ó sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn tó bá a wá: ìwọ dáhùn ti ètò ààbò, ìwọ mú ti ọrọ̀ ajé. Kí àwọn ọmọ dìbò bóyá ó bójú mu. Ìjà á ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì yẹn.

Tíṣà_Mọ̀níyà
Ẹ ṣeun gan-an ni. Fídíò Chatham House ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, màá kọ ìtàn Ifẹ̀ sójú pátákó, ká tó lọ sí Trenchard. Ọmọ Agbowó, ṣé mo lè kàn kó ọmọ SS2 wọlé bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Agbowó
Ẹ má kàn kó wọn wá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà, kẹ́ ẹ fi iye àwọn ọmọ àti nọ́ńbà bọ́ọ̀sì sí i, kí àwọn sìkúrítì ẹnu géètì má bàa dá yín dúró. Kẹ́ ẹ sì tètè dé: ìdílé ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń gba iwájú.